Obì Kò San Gbèsè Oorun
A ń pe awakọ̀ àjàgbé ní oníjẹkújẹ. Èmi kò fara mọ́ ọn. Èkó sí Kánò tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà. Ta ni ó ní kí ẹnì kan ṣoṣo fi òru wà á? Ọlọ́kọ̀ ni!

Awakọ̀ a jẹ obì. Kaféènì inú rẹ̀ ń bo oorun mọ́lẹ̀ ni, kò pa á. Bí obì kò bá ràn án mọ́, a gbé tramadol mì, oògùn ìrora tí ó lè fa òòyì àti gìrì.

Ní 2018, ìjọba fi òfin de oògùn ikọ́ oníkodéènì. Ó dára, ṣùgbọ́n oògùn nìkan ha ni ọ̀tá? Olówó èlé ni oorun: ojú títì ni yóò ti gba owó rẹ̀, lọ́wọ́ èrò tí kò jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ọlọ́kọ̀, fi awakọ̀ kejì sí i!