Ẹ Ṣa Ìwé Bí Ẹ Ti Ń Ṣa Ẹ̀wà

  

Kò sí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ilé nínú wa tí yóò da ẹ̀wà láti inú àpò sínú ìkòkò láìkọ́kọ́ tẹ́ ẹ sórí àwo kí ó ṣà á. Kì í ṣe pé a kórìíra ẹni tí ó tà á fún wa. A mọ̀ pé òkúta kékeré kan ṣoṣo tó láti kán eyín ẹni tí ń jẹun. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ni kì í ṣa ohun tí a bá tẹ̀ sórí ìwé. Bí a bá ti rí i ní títẹ̀, a gbà pé òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, nítorí ohun tí ojú mi rí.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó kékeré kan ní àdúgbò wa kanlẹ̀kùn mi. Ó pọn ọmọ rẹ̀ olóṣù mẹ́jọ, ó mú ìwé pélébé kan lọ́wọ́, ìyá ọkọ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Láti òwúrọ̀ ni ọmọ náà ti ń yàgbẹ́ gbuuru. Ètè rẹ̀ ti gbẹ, kò sì lókun láti sunkún mọ́.

"Ẹ jọ̀wọ́, Àǹtí," ni ó wí, "gbogbo ohun tí ìwé wí ni mo ṣe, ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró."

"Mo ti wí fún un pé kí ó fún ọmọ lọ́yàn," ni ìyá àgbà dá sí i. "Ó ní ìwé ní kí òun má fún un."

Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti pín in fún àwọn obìnrin níbi ìpéjọpọ̀ kan. Kò sí àmì ohùn kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ìlà kẹta ni: "Ma fun omo ni oyan." Èyí tí ó wà ní ìlà karùn-ún ni: "Iyo, sibi kan abo."

Ẹni tí ó kọ ọ́ fẹ́ wí pé, "Máa fún ọmọ ní ọyàn," èyíinì ni pé kí ìyá má ṣe dáwọ́ ọyàn dúró. Nítorí pé ó fi lẹ́tà kan sílẹ̀, tí kò sì fi àmì sí i, ọmọbìnrin yìí kà á sí, "Má fún ọmọ ní ọyàn." Bẹ́ẹ̀ ni àṣẹ di èèwọ̀. Ní ti iyọ̀, ìdajì ṣíbí tíì ni ó yẹ kí ó kọ. "Kan àbọ̀" tí ó kọ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Mo tọ́ omi tí ó wà nínú ike wò. Iyọ̀ rẹ̀ dàbí ti omi òkun.

A da omi náà nù, ọmọ padà sídìí ọyàn, a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lóru ọjọ́ náà. A dúpẹ́ pé ara rẹ̀ ti dá. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò lè gbàgbé: ìyá àgbà tí kò mọ̀wé ni ó mọ ohun tí ó tọ́, ẹni tí ó ka ìwé mẹ́wàá ni ó ṣìnà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má ṣe tìtorí èyí kórìíra ìwé. Kíka ìwé kò burú. Àìṣà á ni ó burú.

Kí n má baà sọ ti ẹlòmíràn kí n fi tèmi sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Mo ti tẹ ìwé ìléwọ́ kan rí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń kọ́ ní ìmọ̀ ìtọ́jú ilé, lórí bí a ti ń se mọ́ínmọ́ín. Mo fẹ́ kọ ọ́ pé, "Ẹ bó ẹ̀wà náà." Èyí tí mo kọ ni, "Ẹ bo ẹ̀wà náà." Akẹ́kọ̀ọ́ kan wá ọmọrí, ó fi bo ẹ̀wà rẹ̀, ó sì jókòó tì í. A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni n kò ti jẹ́ kí ìwé kan kúrò lọ́wọ́ mi láìkà á sókè lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn àṣìṣe kan wà tí wọn kò ju kí wọ́n dójú ti ẹni tí ó kọ wọ́n. Ẹni tí ó kọ "Ilé Ẹ̀kọ" sára pátákó ti sọ ibi tí a ti ń kọ́ ọmọ níwèé di ibi tí a ti ń ta ẹ̀kọ tútù. Ẹni tí ó tẹ "ọkọ̀ ìyàwó" sórí ìwé ìpè ìgbéyàwó ti sọ ọmọ ọlọ́mọ di mọ́tò. Ẹ ó tún rí i tí wọ́n ń so ọ̀rọ̀ pọ̀ tí kò yẹ kí a so: "wípé" dípò "wí pé", "nítorípé" dípò "nítorí pé", "bótilẹ̀jẹ́pé" dípò "bó tilẹ̀ jẹ́ pé". Ó yẹ kí a tún irú wọn ṣe, pàápàá níwájú ọmọ tí ń kọ́ ìwé, ṣùgbọ́n wọn kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Èyí tí ó wà lórí oògùn, oúnjẹ àti ìtọ́jú ọmọ ni kí ẹ la ojú sí.

Ẹ má sì ṣe pe gbogbo ohun tí ó bá ṣàjèjì sí yín ní àṣìṣe. Bí ẹ bá ṣí Bíbélì àwọn ìyá wa àgbà, ẹ ó rí "aiye", "enia" àti "yio". Àkọtọ́ àtijọ́ ni wọ́n. Ní ọdún 1884 ni odindi Bíbélì ti jáde ní èdè Yorùbá, nígbà tí ó jẹ́ pé ọdún 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò nísinsìnyí, èyí tí ó sọ wọ́n di "ayé", "ènìyàn" àti "yóò". Bẹ́ẹ̀ náà ni "Oshogbo" àti "Ilesha" tí ó wà lára pátákó jẹ́ ọ̀nà àtijọ́ láti kọ Òṣogbo àti Iléṣà. Ìyàwó tí ó bá fi èyí bú ìyá ọkọ rẹ̀ pé kò mọ̀wé ni kò mọ̀tàn.

Báwo ni a ó ti ṣe máa ṣa ìwé? Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ kà á sókè, nítorí pé etí a máa gbọ́ ohun tí ojú fò. Lẹ́ẹ̀kejì, níbikíbi tí ẹ bá ti rí "ma" tí kò lámì, tàbí iye àti òṣùwọ̀n, ẹ dúró. Ẹ bi ara yín pé ṣé ó bá ohun tí ẹ ti mọ̀ mu. Lẹ́ẹ̀kẹta, bí ọkàn yín bá ń ṣe iyèméjì, ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tàbí apòògùn kí ẹ tó fi ọmọ dán an wò. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ẹ fi kálámù tún un ṣe kí ẹ tó gbé e fún ẹlòmíràn, kí ẹ sì fi ọ̀wọ̀ sọ fún ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ ń kọ ọ́, tí ẹ̀rọ alágbèéká yín kò sì jẹ́ kí àmì ṣe é fi sí gbogbo ọ̀rọ̀, ẹ fi sí èyí tí ó lè ṣini lọ́nà. Ẹ kọ "má ṣe" dípò "má", kí ẹ sì fi lẹ́tà méjèèjì sínú "máa". Bí ẹ bá kọ "ìdajì", ẹ fi ½ tì í.

Ìlànà omi oníṣúgà àti iyọ̀ náà nìyí bí ó ti yẹ kí a kọ ọ́. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìdáná:

Omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù: lítà 1.
Ṣúgà: ṣíbí tíì 6.
Iyọ̀: ìdajì (½) ṣíbí tíì.

Kí ṣíbí kọ̀ọ̀kan tẹ́jú. Ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀. Ẹ má ṣe lo ṣíbí ìjẹun ńlá, nítorí ṣíbí tíì 3 ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ tọ́ omi náà wò: kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Iyọ̀ tí ó pọ̀ jù lè fa gìrì. Ṣúgà tí ó pọ̀ jù lè mú ìgbẹ́ gbuuru náà le sí i. Bí ọjọ́ kan bá ti kọjá, ẹ da ìyókù nù kí ẹ po òmíràn. Bí ẹ bá rí ORS inú àpò kékeré gbà ní ilé ìwòsàn tàbí ilé oògùn, òun ni ó dára jù. Iye omi tí a kọ sára àpò náà gan-an ni kí ẹ fi pò ó. Wọ́n a tún máa fún ọmọ ní oògùn zinc fún ọjọ́ 10 sí 14. Bí ọmọ bá ń bi gbogbo ohun tí ó mu, bí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ má ṣe dúró nílé rárá.

Ní gbogbo àkókò náà, ẹ MÁA fún ọmọ ní ọyàn.

Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Èyí tí a sọ lẹ́nu, ilé kan ni ó ti ń fọ́. Èyí tí a tẹ̀ sórí ìwé, gbogbo ilé tí ó bá dé ni. Ẹ jẹ́ kí a máa ṣà á kí a tó sè é.