Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Wa Rí Erin

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín tí tọmọdé tàgbà ń kà, kí n sọ ohun tó ń dùn mí lọ́kàn nípa igbó wa.

Gbogbo wa la mọ òwe tó ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Ojoojúmọ́ là ń pa á ní ìpàdé àti lórí rédíò. Ní ọjọ́ kan, mo bi àwọn ọmọ bíi mẹ́wàá ní àdúgbò wa ní Èjìgbò pé ta ló ti rí erin rí nínú wọn. Kò sí ẹyọ kan. Ọ̀kan ní òun rí i nínú tẹlifíṣọ̀n. Mo bú sẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí mo rántí pé èmi tí mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún náà kò rí i rí. Bẹ́ẹ̀ nítòsí wa ní Ìlobùú ni odò Erinlẹ̀ ti ń ṣàn, tí orúkọ erin sì wà lára rẹ̀ títí dòní.

Ìdí nìyẹn tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan fi múra, tí a lọ sí igbó ọba Ọmọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí a gbọ́ pé erin ṣì kù sí. A gba Ìwó dé Ìbàdàn, a já sí Ìjẹ̀bú-Òde, a wá kọrí sọ́nà Ọ̀rẹ̀. Ibi tí wọ́n ń pè ní J4 la ti yà kúrò lójú títì. Láti ibẹ̀, ọ̀kadà ló gbé wa wọnú igbó, a sì rí màbo lọ́wọ́ ẹrẹ̀.

Ọdún 1925 ni ìjọba òyìnbó ya igbó yìí sọ́tọ̀. Nígbà tó di 1946, wọ́n tún ya apá kan láàárín rẹ̀ sọ́tọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi tàbí ṣọdẹ níbẹ̀. Ní 1977, àjọ UNESCO kà á mọ́ àwọn igbó tó ṣe pàtàkì fún gbogbo ayé. Ó lé ní 130,000 hẹ́kítà nínú ìwé. Mo ní nínú ìwé, nítorí ohun tí ojú mi rí kò jọ bẹ́ẹ̀.

Igi Gmelina tí ìjọba gbìn fún iṣẹ́ pépà la kọ́kọ́ bá, tí wọ́n tò lọ bí ọmọ iléèwé. A kọjá ibẹ̀, ó di oko kòkó. Kòkó lọ́tùn-ún, kòkó lósì, pẹ̀lú abúlé àti ṣọ́ọ̀ṣì nínú igbó ọba! Ọkọ̀ agbégẹdú mẹ́ta ló pàdé wa lọ́nà. A rìn pẹ́ kí a tó débi tí igbó gidi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó, ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ṣú bí ìrọ̀lẹ́. Gbòǹgbò àwọn igi ńlá dúró bí ògiri ilé. Ẹyẹ ńlá kan fò kọjá lókè, ìró ìyẹ́ apá rẹ̀ dà bíi ti ẹwìrì alágbẹ̀dẹ.

Kí n má purọ́, a kò rí erin. Ẹ̀ṣọ́ igbó tó mú wa kiri fi ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn wá nínú ẹrẹ̀, ó fẹ̀ bí ọpọ́n. Ó tún fi ìgbẹ́ rẹ̀ hàn wá. Kóró èso ló kún inú rẹ̀, ọ̀kan tilẹ̀ ti ń hù. Ó ṣàlàyé fún wa pé erin ni àgbẹ̀ igbó: yóò jẹ èso níhìn-ín, yóò sì lọ yàgbẹ́ kóró rẹ̀ sí ibi tó jìnnà. Àwọn igi kan wà tí kóró wọn tóbi débi pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹranko mìíràn tó lè gbé e mì. Bí erin bá tán, irú igi bẹ́ẹ̀ náà yóò máa dín kù. Oyún erin sì ń tó oṣù 22 kí ó tó bí ọmọ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá yìnbọn pa ọ̀kan lónìí, kò sí bí a ṣe lè tètè rí òmíràn dípò. Abájọ tí àjọ IUCN fi kéde ní 2021 pé erin inú igbó ti sún mọ́ àparun pátápátá.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ló kan ará Èjìgbò nínú igbó Ìjẹ̀bú. Ó kàn wá. Àwa la mọ ọ̀nà Abidjan jù. Èmi fúnra mi ṣòwò ní Adjamé fún ọdún pípẹ́. Ẹni tó bá ti gbé ìlú yẹn rí mọ igbó Banco, tí ìjọba ibẹ̀ dá sí láti 1953. Ilé yí i ká, ó sì lé ní 3,000 hẹ́kítà láàárín ìlú ńlá. Ó ń ṣọ́ omi abẹ́ ilẹ̀ tí ará ìlú ń mu. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè kan náà yẹn ni kòkó ti jẹ igbó rẹ̀ run, tó fi jẹ́ pé ohun tó ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin igbó tó wà níbẹ̀ ní 1960 ló ti lọ. Ṣé ojú wa kò rí i ni? Àbí a fẹ́ kí tiwa náà rí bẹ́ẹ̀ ká tó gbọ́n? Nílé níhìn-ín pàápàá, àwọn ìrókò tí a fi ń júwe ọ̀nà oko nígbà èwe mi ti di pákó àti èédú.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ebi ń pa ènìyàn, ẹ ń sọ̀rọ̀ erin. Òótọ́ ni. Àwọn alóko kòkó tí mo bá pàdé níbẹ̀ kì í ṣe olè, ilẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n bí a bá ń gé igi lóko, ká máa fi ọ̀ràn ro ara ẹni wò. Ilẹ̀ tí a bá pa igbó rẹ̀ tán kì í pẹ́ ṣá, odò rẹ̀ a sì gbẹ. Níbo ni a óò tún sá lọ nígbà náà?

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Kí ìjọba fi ẹ̀ṣọ́ kún ẹ̀ṣọ́ ní igbó Ọmọ̀, kí wọ́n sì máa san owó wọn lásìkò. Kí wọ́n wá ilẹ̀ fún àwọn alóko níta igbó, kí wọ́n sì má jẹ́ kí ẹni tuntun wọlé mọ́. Kí àwọn iléèwé wa ní Èjìgbò, Ifẹ̀-Ọ̀dàn àti Ìlawó máa kó ọmọ lọ wo igbó. Bí Ọmọ̀ bá jìnnà, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo kò jìnnà. Hẹ́kítà 75 péré ni, síbẹ̀ UNESCO fi í sára ogún ayé ní 2005, nítorí pé àwọn baba wa kò jẹ́ kí wọ́n gé e. Kí àwọn ọba àti báálẹ̀ wa náà sì fi òfin de gígé igi etí odò.

Èmi kò rí erin, ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo rí. Mo fẹ́ kí ọmọ ọmọ mi lè sọ tirẹ̀ pé òun rí erin, láìjẹ́ pé fọ́tò ló rí.



Èmi ni tiyín,
Ọmọ Èjìgbò kan