Ikú Tó Yẹ Akọni

Láti ọdún 2021 tí sinimá No Time to Die ti jáde ni àwọn olólùfẹ́ James Bond, amí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń jiyàn lórí ìparí rẹ̀. Àwọn kan ní ọ̀dàlẹ̀ ni àwọn tó ṣe é: akọni tí kò kú láti 1962 kò yẹ kó wá kú sábẹ́ àdó olóró tí òun fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n jù.

N kò gbà. Àyà ta ni yóò já nítorí ẹni tí a ti mọ̀ pé kò lè kú? Sinimá márùn-ún tí Daniel Craig ṣe láti 2006 jẹ́ ìtàn ìgbésí ayé ẹnì kan ṣoṣo. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ lópin. Májèlé tí ọ̀tá fi sí i lára yóò pa olólùfẹ́ rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ bí ó bá fọwọ́ kàn wọ́n. Bí ó bá sá là, kí ni yóò fi ẹ̀mí náà ṣe?

Wọ́n tún ń bi wá pé: kí ló dé tí wọ́n kọ ọ́ sí ìparí pé Bond yóò padà wá? Ìdáhùn kò le. Ọba a máa wàjà, oyè kì í bá a lọ. Òṣèré mẹ́fà ló ti jẹ oyè Bond. Craig nìkan ni wọ́n jẹ́ kó kú bí ọmọ ènìyàn.