Àgbọ́ìgbọ́tán Ègùn

Àgbọ́ìgbọ́tán Ègùn, ìjà ní í dá sílẹ̀. Ta ni òwe yìí ṣókùnkùn sí? Ẹni tó gbọ́ èdè ní àbọ̀, tó fi èrò tirẹ̀ dí ìyókù, ìjà ló ń wá. Àwọn tó ń gbọ́ podcast lórí orísun ọ̀rọ̀ gan-an ni òwe yìí ń bá wí lónìí.

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ohùn kan tún ń kiri lórí WhatsApp pé lẹ́tà mẹ́rin inú "golf" ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́rin òfin kan tó ní obìnrin ò gbọdọ̀ gbá a. Orí podcast ni wọ́n ní àwọn ti gbọ́ ọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn olóòtú a máa kọ́kọ́ sọ ìtàn tí gbogbo ayé gbàgbọ́, kí wọ́n tó já irọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ti bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò kí wọ́n tó débẹ̀, irọ́ ló gbé délé. Òótọ́ rẹ̀ ni pé lọ́dún 1457, ilé aṣòfin Scotland fòfin de golf àti bọ́ọ̀lù gbígbá, torí wọ́n ń dí ìdánrawò ọfà lọ́wọ́. Wọ́n tún máa ń kọ ọ́ ní gowf tàbí goff. Lẹ́tà mẹ́rin wo ni wọ́n wá ń sọ?

Wọ́n á ní eré lásán ni. Àwáwí ni. Ẹni tó ti fi í bá ìyàwó rẹ̀ jiyàn kì í ṣeré mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi ò tán sọ́rùn olùgbọ́. Àìgbọ́fá là ń wòkè, Ifá kan ò sí ní párá. Àwọn olóòtú kan wà tó jẹ́ pé òkè ni wọ́n ń wò: wọn ò dárúkọ ìwé, wọn ò dá ọdún. Allen Walker Read, onímọ̀ orísun ọ̀rọ̀, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ló ń tú títí tó fi bá "OK" nínú Boston Morning Post ọjọ́ 23 oṣù Kẹta 1839, níbi tí wọ́n ti fi í ṣàwàdà gẹ́gẹ́ bí ìkékúrú "oll korrect".

Ewu títú ọ̀rọ̀ láìwádìí yìí pọ̀ jù fún Yorùbá, nítorí orúkọ Yorùbá ṣeé tú: Babátúndé, bàbá tún dé. Etí tó ti mọ́ irú èyí á fẹ́ tú gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ gé àlùbọ́sà sí "àlù" àti "bọ́sà", ẹ ò ní rí nǹkan kan níbẹ̀. Al-basal ni Lárúbáwá ń pè é, Haúsá ń pè é ní albasa, ọ̀dọ̀ wọn ni Yorùbá ti yá a. "Àl" kan náà ló bẹ̀rẹ̀ àlàáfíà àti àlùbáríkà. Olóòtú tó bá fẹ́ ṣe irú ètò yìí ní Yorùbá, kó pe ẹni tó gbọ́ Haúsá àti Lárúbáwá jókòó tì í kó tó tan ẹ̀rọ.