Irun Tó Re àti Irun Tí A Fà Tu

Ọ̀rọ̀ irun ni mo fẹ́ sọ. Èrò mi ni pé ohun tí kò yẹ kó dẹ́rù bà wá nípa irun ló ń dẹ́rù bà wá, èyí tó yẹ kó dẹ́rù bà wá la sì ń pè ní ẹwà.

Ní ìsinmi ọdún Àjíǹde, Mọ́mì mi tú irun mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló ti wà lórí mi. Bí wọ́n ṣe ń tú u ni irun ń bọ́, tí mo sì ń kó o jọ sórí itan mi. Nígbà tí a ṣe tán, ó tó bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì. Mo bú sẹ́kún. Mo rò pé mo ti fẹ́ párí bíi Bàbá àgbà. Mo di irun náà sínú ọ̀rá, mo fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ mi, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan orí mi fún ọjọ́ méjì.

Mọ́mì mú mi lọ rí dókítà. Dókítà náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbé ọ̀rá mi jáde. Wọ́n ní irun orí èèyàn tó nǹkan bí 100,000, àti pé irun bíi 50 sí 100 ló máa ń re lójoojúmọ́. Irun kọ̀ọ̀kan á dàgbà fún ọdún mélòó kan, á sinmi fún oṣù díẹ̀, á wá re, òmíràn á sì hù níbẹ̀. Ó dà bí ewé igi, ṣùgbọ́n kì í re pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo bá fi ìṣirò wò ó. Tí a bá dirun, irun tó re ò ríbi bọ́ sí, inú dídì yẹn ló máa wà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà jẹ́ ọjọ́ 42. Tó bá jẹ́ irun 50 péré ló ń re lójúmọ́, ó ti di 2,100. Tó bá jẹ́ 100, ó di 4,200. Bọ́ọ̀lù mi yẹn ò burú rárá!

Wọ́n tún ní kí n mú ẹyọ irun kan kí n wo ìdí rẹ̀. Tí kókó funfun kékeré kan bá wà níbẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ irun tó ti parí ìgbà tiẹ̀ tó sì re. Tí kò bá ní kókó, tó sì kúrú, ńṣe ló já láàárín, bóyá nítorí pé ó gbẹ tàbí pé a fi agbára yà á.

Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà wo iwájú orí mi, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi méjèèjì, irun ti dín kù débi pé awọ orí ti hàn, kókó kéékèèké bí irorẹ́ sì wà níbẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dirun fún mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mi ò kì í lè sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ojú mi á sì máa fà tí mo bá ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní dídì tó le jù ló fà á. Tí a bá tètè ṣíwọ́, irun yẹn á padà hù. Tí a bá ń ṣe é lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibẹ̀ lè pá títí láé.

Ẹ rò ó wò. Irun tí mo sunkún lé lórí, kò sóhun tó ṣe é. Èyí tó ń bàjẹ́ gan-an ni gbogbo àǹtí ń yìn lóde ìgbéyàwó pé, "Irun yìí mà mọ́ o!"

Mo mọ ohun tí àwọn òbí kan máa sọ. Wọ́n á ní tí kò bá le, kò ní pẹ́ lórí. Mọ́mì náà sọ ọ́, òótọ́ sì wà níbẹ̀. Wákàtí márùn-ún la máa ń lò lọ́dọ̀ onídìrí, owó rẹ̀ ò kéré. Àwọn mìíràn á ní bí wọ́n ṣe dirun fún àwọn náà nílé nìyẹn. Mo bi Màmá àgbà lórí fóònù. Wọ́n ní lóòótọ́ ó máa ń dun àwọn díẹ̀ tí wọ́n bá di ṣùkú tàbí ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, àmọ́ irun orí wọn nìkan ni, kò sí àtàṣọ́mẹ́ǹtì tó ń wúwo lórí, ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ni wọ́n á sì tú u. Tiwa le, ó wúwo, ó tún pẹ́.

Yorùbá ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Tí ọmọ bá ní ó ń dun òun, ẹ jẹ́ kí wọ́n dẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ má kàn fún un ní oògùn ẹ̀fọ́rí. Ẹ jẹ́ kí orí sinmi kí a tó di òmíràn. Tí ẹ bá rí ibi tó pá roboto, tàbí tó ń yún tó ń ṣí èépá, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ̀yin ọmọkùnrin, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín o, torí làpálàpá orí ò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sóbìnrin, ìpara nìkan kì í sì í wò ó.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, tó bá dùn yín, ẹ sọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ fún onídìrí wa pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ó ti le jù." Wọ́n wo Mọ́mì. Mọ́mì ní, "Ẹ bá wa dẹ̀ ẹ́." Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sùn.