Ẹni Tí Kò Lè Kọ́lé fún Ọmọ Ahun, Kó Má Gbà Á

Ní sáà tó kọjá, olùkọ́ wa ní kí n gbé ọmọ ahun mi wá sílé ìwé fún ọ̀sẹ̀ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Wọ́n ní kí n fi sínú abọ́ ike, kí ó wà lórí tábìlì láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, kí gbogbo kíláàsì lè máa wá wò ó. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, mà, n kò lè gbé e wá bẹ́ẹ̀." Láti ọjọ́ náà ni àwọn kan ti ń pè mí ní ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ sọ pé, "Ahun lásán-làsàn! Ahun tí kì í kú!" Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni mo fẹ́ bá jà.

Ahun ń kú. Mo ti sin ọ̀kan.

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí àbúrò bàbá mi ra ahun kékeré kan fún wa lẹ́bàá ọ̀nà. Kò tóbi ju ẹnu ife tíì lọ. Ẹni tó tà á ní kò ní wàhálà kankan, pé ká sáà máa fún un ní búrẹ́dì tàbí ìrẹsì. A fi sínú bàsíà lábẹ́ fèrèsé onídígí ní pálọ̀. Kò sí erùpẹ̀ níbẹ̀, kò sí ibi tó lè forí pamọ́ sí. Látàárọ̀ dalẹ́ ló ń fi èékánná ha ara bàsíà náà, kẹrẹ-kẹrẹ-kẹrẹ, a sì ń rẹ́rìn-ín pé ó ń jó. Màmá àgbà nìkan ló sọ pé, "Ẹran yìí ń wá ọ̀nà jáde o." Kò pé oṣù mẹ́ta tí ìkarahun rẹ̀ fi rọ̀ bíi páálí tí omi kàn, tó ń wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, tí kì í lajú mọ́. Bàbá mi gbé wa lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n bi wá: Ibo ló ń sùn? Kí ló ń jẹ? Ṣé oòrùn ń kàn án lára? A dáhùn méjì pẹ̀lú ìtìjú. A kò rí ìdáhùn kankan fún ìkẹta. Ní ọjọ́ kẹta ó kú, mo sì sin ín sábẹ́ igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé.

Nígbà tí mo bá sọ ìtàn yìí, Alàgbà ni àwọn àgbà máa ń fi dá mi lóhùn. Alàgbà ni ahun ààfin Ṣọ̀ún ti Ògbómọ̀ṣọ́, tó kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2019. Ààfin ní ọdún 344 ló lò láyé; àwọn onímọ̀ nípa ẹranko kò gbà pé ahun lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. N kò ní dá sí ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń pe orúkọ rẹ̀ rántí ni pé wọ́n ní èèyàn méjì ló wà láàfin tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó ní ìránṣẹ́ méjì láàfin ni ẹ wá ń fi wé ọmọ ahun inú bàsíà? Àti pé òun náà ṣàìsàn, ó sì kú.

Mo rò pé àlọ́ wà nínú ohun tó ń tàn wá jẹ. Nínú àlọ́, Ìjàpá a já bọ́ láti òkè, ìkarahun rẹ̀ a fọ́ yángá, wọn a tún un tò, lọ́jọ́ kejì yóò tún lọ jí ẹ̀wà jẹ. Mo fẹ́ràn àlọ́. Ṣùgbọ́n ìkarahun ahun tòótọ́ kì í ṣe àwo tí a lè lẹ̀. Egungun ni, ara rẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn níbẹ̀, ó sì ń mọ̀ ọ́n lára bí nǹkan bá kàn án. Nítorí náà, àwọn tó ń lu ihò sí etí ìkarahun ahun kí wọ́n lè fi okùn so ó mọ́ igi, egungun ẹran tó wà láàyè ni wọ́n ń lu. Ẹ wò ó bí ẹni tó lu ihò sí èékánná yín láti fi so yín mọ́lẹ̀.

Ahun kejì dé lọ́dún tó kọjá, láti ọwọ́ ọ̀rẹ́ bàbá mi tó ń kó lọ sókè òkun. Màmá àgbà sọ ọ́ ní Málọmọ́, bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọmọ tó bá dé lẹ́yìn àbíkú. Bàbá mi ní kò ní wọlé títí ilé tirẹ̀ yóò fi wà, mo sì rò pé bàbá mi gbọ́n lọ́jọ́ náà ju gbogbo àwa tó kù lọ.

Pátákó tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n kan kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná ni káfíńtà fi ṣe ilé náà: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ní gígùn, méjì ní ìbú, kò ní ìdérí. A kò fi dígí ṣe é, nítorí ahun kò mọ̀ pé dígí wà níwájú òun. Yóò máa forí tì í títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Erùpẹ̀ ọgbà tí kò ní ajílẹ̀ tàbí oògùn kòkòrò ni mo pò mọ́ èèpo àgbọn tí mo já wẹ́wẹ́, mo tẹ́ ẹ kí ó lè rí i gbẹ́. Yanrìn gbígbẹ kò dára. Bó bá ń gbé e mì mọ́ oúnjẹ, ó lè dí i nífun. Àfọ́kù ìkòkò màmá àgbà ni yàrá rẹ̀. Ní ìpẹ̀kun kan ni gílóòbù wà, irú ti àtijọ́ tó máa ń gbóná, tí abẹ́ rẹ̀ ń tó nǹkan bíi 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìpẹ̀kun kejì tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ahun kò lè mú ara rẹ̀ gbóná bíi tiwa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń wá ooru, òun náà ló sì fi ń sá fún un. Nínú bàsíà, ibo ni kó rìn lọ?

Ẹ ó ní, iná ha wà? Kò sí. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn la wà, ooru ọ̀sán tó fún un lọ́pọ̀ oṣù. Ìgbà òjò ńlá àti ìgbà ọyẹ́ ni mo máa ń ṣàníyàn. Bí wọ́n bá múná lọ lálẹ́ ọyẹ́, mo máa ń rọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sínú ìgò, n ó fi aṣọ wé e, n ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àfọ́kù ìkòkò náà.

Ọ̀rọ̀ omi ni wọ́n ti ń bá mi jiyàn jù. Irú Málọmọ́ ni ahun ńlá ilẹ̀ gbígbẹ, tó ń gbé lẹ́bàá aṣálẹ̀ Sàhárà láti Senegal títí dé Sudan. Wọ́n ní, "Ẹran aṣálẹ̀, kí ló fẹ́ fi omi ṣe?" Wọ́n gbàgbé pé inú ihò ló máa ń sá sí níbẹ̀, ọ̀rinrin sì wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tó bá dàgbà nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ, ìkarahun rẹ̀ á yọ gánngán-gánngán bí òkè kéékèèké, kò sì ní tẹ́jú mọ́ láéláé. Ìdí nìyí tí mo fi ń wọ́n omi sí apá kan erùpẹ̀ náà, tí mo sì ń gbé Málọmọ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láràárọ̀, omi tí kò dé àgbọ̀n rẹ̀. Koríko bíi gbégi, ẹ̀fọ́ yánrin àti ewé ọ̀dùnkún ló ń jẹ, pẹ̀lú èèpo ẹyin tí a lọ̀ kúnná díẹ̀. Kì í jẹ búrẹ́dì, kì í jẹ ìrẹsì, kì í jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, bí àbúrò mi ṣe ń bẹ̀ mí tó.

Ohun tó pa ti àkọ́kọ́ gan-an ni àìsí oòrùn. Inú ìtànṣán oòrùn ni awọ ahun ti ń rí fítámì D ṣe. Láìsí i, èyí tó yẹ kó di egungun nínú oúnjẹ yóò kàn kọjá lọ ni. Dígí fèrèsé sì ń dí ìtànṣán náà lọ́nà, ìmọ́lẹ̀ lásán ló ń jẹ́ kó wọlé. Gílóòbù kan wà tó ń mú irú ìtànṣán yẹn jáde, ó wọ́n, n kò ní in. Àgò adìyẹ ni mo ní. Láago mẹ́jọ àárọ̀ mo máa ń dé e mọ́ Málọmọ́ lórí koríko, n ó fi ẹní bo ìdajì rẹ̀ kí ó lè ríbi sá sí, n ó mú ìwé, n ó jókòó tì í.

Ẹnì kan bi mí pé kí ló dé tí n kò fi í sílẹ̀ lágbàlá pátápátá, bí ti ayé àtijọ́. Ahun tó ti dàgbà, bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tí kò tó ọwọ́ ọmọdé, èkúté yóò jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lóru, àṣá yóò gbé e lọ́sàn-án, ìjàlọ kò sì ní béèrè orúkọ rẹ̀.

Ti owó, òótọ́ ni pé ó ń náni lówó. Owó tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi ń ra dátà lóṣù kan ju ti Málọmọ́ lọ, kò sì sẹ́ni tó tíì pe òun ní onínàákúnàá. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù owó lọ ni ọjọ́ orí. Málọmọ́ lè tó àádọ́ta kílò, ó sì lè lò ju àádọ́rin ọdún lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí. Ẹ̀yin òbí tó fẹ́ ra ahun fún ọmọ yín nítorí pé ó kéré, tó sì rẹwà, ẹ kọ́kọ́ sọ ẹni tí yóò jogún rẹ̀. Kí ẹ sì má ṣe rò pé èyí tí ẹ bá rí nínú igbó kò náni ní nǹkan kan. Àwọn ahun igbó tiwa, tí ẹ̀yìn ìkarahun wọn máa ń ṣẹ́ bí ìlẹ̀kùn, ń dín kù sí i. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀.

Mo padà sọ́dọ̀ olùkọ́ wa. Ọjọ́ márùn-ún nínú abọ́ ike, ọwọ́ ọgọ́ta ọmọ, ariwo, àti oòrùn ọ̀sán tó ń gba ẹnu fèrèsé kíláàsì wa wọlé: abọ́ ike nínú oòrùn bẹ́ẹ̀ lè pa ọmọ ahun kí agogo ìsinmi tó lù. N kò rí wọn fín. Bí mo bá dákẹ́ nígbà tí mo mọ̀, tó sì kú, ta ni yóò gbé e lọ sábẹ́ igi ọsàn? Èmi ni.

Ọjọ́ tí Málọmọ́ dé, gíráàmù 41 ló wọ̀n lórí òṣùwọ̀n tí màmá mi fi ń wọn ìyẹ̀fun. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ó wọ̀n 97. Ilé wa kò jìnnà sí ilé ìwé. Mo ti sọ fún olùkọ́ wa pé kí wọ́n mú kíláàsì wa wá, mẹ́wàá-mẹ́wàá, láago mẹ́jọ àárọ̀. Ìgbà yẹn ló máa ń yá oòrùn.