Oòrùn Zaria Kì Í Ṣe Oòrùn Ilé: Ẹ̀yin Alákùrọ̀, Ẹ Ṣọ́ra

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Sabon Gari, ní Tudun Wada, ní Samaru àti káàkiri Zaria, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni oko àkùrọ̀ máa ń mówó wọlé níbí. Bí òjò bá ti dá ní nǹkan bí oṣù kẹwàá, títí tí yóò fi tún bẹ̀rẹ̀ lóṣù karùn-ún, ilẹ̀ fàdámà létí odò Kubanni àti odò Galma ni tòmátì, ata, àlùbọ́sà àti ẹ̀fọ́ ti ń jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ilẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀, àwọn mìíràn sì ń bomi rin ewédú àti tẹ̀tẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Pẹ̀lú bí oúnjẹ ṣe gbówó lórí, kò sẹ́ni tó lè bá wọn wí. Ọ̀rọ̀ tiwa dá lórí wákàtí tí ẹ fi ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ooru oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ní Zaria yàtọ̀ sí ti Ìbàdàn tàbí Èkó. Nílé, òógùn á máa ṣàn, aṣọ á rin gbingbin, èèyàn á mọ̀ pé ó tó kí òun sinmi. Níbí, afẹ́fẹ́ gbẹ. Òógùn kò tíì yọ tán tí yóò ti gbẹ lára. Ara ń sọ omi nù, ṣùgbọ́n nítorí pé aṣọ gbẹ, ẹni tó ń roko rò pé kò séwu. Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ wa jẹ nìyẹn. Òógùn ni ara fi ń tutù. Bí omi ara bá lọ sílẹ̀ jù, ooru á bẹ̀rẹ̀ sí í se èèyàn láti inú wá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ńṣe là ń dẹ́rù bani lásán. Ní April 2024, irú ooru gbígbẹ yìí bo orílẹ̀-èdè Màlì. Lọ́jọ́ kẹta oṣù náà, ó dé 48.5°C nílùú Kayes. Ilé ìwòsàn Gabriel Touré ní Bamako ròyìn pé èèyàn 102 ló kú láàárín ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ oṣù náà, èyí tó ju ìdajì wọn lọ sì ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. A ò sọ pé ooru nìkan ló pa gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn náà gbà pé ọwọ́ ooru wà níbẹ̀.

Àlejò lójú, kò fi ríran. Ṣùgbọ́n àwa tí àwọn baba wa ti wà nílùú yìí láti bí ìgbà tí ojú irin gba ibí kọjá dé Kánò ní 1911, a kì í ṣe àlejò mọ́. Ó yẹ ká mọ ìwà oòrùn ibí. Ẹ lọ sóko lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kí ẹ kúrò níbẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó di lẹ́yìn ìrun alásárì kí ẹ tó padà. Ẹ wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò dúdú, tí kò sì fún mọ́ra, kí ẹ dé akẹtẹ̀. Ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀ kí òǹgbẹ tó gbẹ yín. Ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n, omi tó mu kò tó. Ọmọ yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsàlẹ̀ dé, ẹ fún un ní bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ara rẹ̀ mọ ooru náà lára kí ó tó ṣiṣẹ́ ọjọ́ gbọọrọ. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pàápàá èyí tó ń mú ni tọ̀, kí ó bi dókítà rẹ̀ léèrè ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Ẹni tó bá sì ń gbààwẹ̀, òwúrọ̀ kùtù ni kí ó fi ṣiṣẹ́.

A ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń gba alágbàṣe. Ẹni tí ẹ bá poro ká fún kò ní í sinmi bí ọ̀sán bá ń pa á, nítorí owó tó máa gbé lọ sílé ló ń lé. Ẹ̀yin lẹ lè dá a dúró. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ tètè bẹ̀rẹ̀, kí ẹ ní ibòji àti àmù omi níbẹ̀, kí ẹ má sì yọ owó ìsinmi ọ̀sán kúrò.

Bí òòyì bá ń kọ́ èèyàn lóko, tí orí ń fọ́ ọ, tí èébì ń gbé e, ẹ má sáré sọ pé ibà ni, kí ẹ wá lọ ra oògùn ibà. Ẹ gbé e síbi ibòji, kí ẹ tú aṣọ rẹ̀, kí ẹ fún un lómi oníyọ̀ àti ṣúgà: omi tó mọ́ lítà kan, tíí ṣe ọ̀rá píọ́ wọ́tà 50cl méjì, ṣíbí ìpotíì ṣúgà mẹ́fà, àti ìdajì ṣíbí iyọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ń sọ kántankàntan, tó ṣubú, tàbí tí gìrì mú un, ẹ má da nǹkan kan sí i lẹ́nu. Ẹ da omi sí i lára láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Oògùn parasitamọ́ọ̀lù kì í wo èyí. Bí ibà bá sì bá ọrùn líle wá, ilé ìwòsàn náà ni, nítorí ìgbà ooru yìí kan náà ni àrùn yírùnyírùn máa ń jà lókè ọya.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹ̀yin alùfáà àti pásítọ̀, ẹ sọ ọ̀rọ̀ yìí nípàdé yín kí oṣù kẹta tó wọlé. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan àwọn tí yóò máa yẹ àwọn àgbàlagbà tó ń dá roko wò lọ́sàn-án. Tòmátì tí a kò bomi rin lọ́sàn-án òní, a lè bomi rin ín nírọ̀lẹ́.